Ìkéde Ìpàdé: Ìwé Rachel Carson La Ó Jíròrò

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òǹkàwé wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìkàwé.

Ìpàdé wa ti Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kò yẹ̀. Silent Spring, ìwé tí Rachel Carson, obìnrin onímọ̀ nípa ẹ̀dá alààyè, gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1962, la ó jọ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹ dákun, ẹ kà á kí ẹ tó wá.

DDT, oògùn tí wọ́n ń fín pa kòkòrò, ni ìyá yìí tọpa rẹ̀. Kì í tètè jẹrà. Ó ń ti ara kòkòrò bọ́ sára ẹja, ó ń ti ara ẹja bọ́ sára ẹyẹ. Lẹ́yìn náà làwọn onímọ̀ rí i pé DDT ti sọ èèpo ẹyin idì di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́: ìyá ẹyẹ á sàba lé e, á sì fọ́ mọ́ ọn lábẹ́. Ibẹ̀ dùn mí wọra. Nígbà tí Amẹ́ríkà fòfin de DDT lóko ní 1972, Carson ti kú láti 1964.

Oko bàbá mi ni mo rántí. Èmi ni mo ń gbé táǹkì oògùn apakoríko kọ́ ẹ̀yìn, mi ò sì bi ara mi rí pé ibo ni òjò ń ṣàn án lọ.

Kí kálukú mú orúkọ ẹyẹ, igi tàbí odò kan wá, èyí tó mọ̀ lọ́mọdé tí kò sí mọ́. Ẹ bi àwọn àgbà ilé yín ìgbà tí wọ́n rí i kẹ́yìn.

Ẹ̀dà ìwé náà méjì wà lọ́wọ́ mi fún ẹni tí kò bá ní.

Akọ̀wé ẹgbẹ́