Ẹ Má Fi Ọ̀dà Wúrà Bo Iṣẹ́ Àwọn Agbẹ́gilére Wa

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Iṣẹ́ ọ̀dà ni mo ń ṣe ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì níbí. Àga ọba, àga bíṣọ́ọ̀bù, férémù fọ́tò, wọ́n ń gbé e wá pé kí n sọ ọ́ di wúrà, mo sì ń ṣe é tayọ̀tayọ̀. Ṣùgbọ́n ní báyìí, òpó àti ìlẹ̀kùn àtijọ́ ni àwọn kan ń gbé wá, pé kí n fín ọ̀dà sí i kó lè máa dán. Mo kọ̀, mo sì fẹ́ kí gbogbo Èkìtì gbọ́ ìdí rẹ̀.

Ọ̀dà wúrà tí à ń rà lọ́jà wa, idẹ tí wọ́n lọ̀ kúnná ni wọ́n pò mọ́ ọn. Níbi tí ọwọ́ àti òógùn bá ti ń kàn án, yóò ṣú. Wúrà gidi kì í dípẹtà. Àwọn tó ń fi í bo igi a máa lù ú títí yóò fi fẹ́lẹ́ ju èèpo àlùbọ́sà lọ, èémí ẹnu lásán lè gbé e lọ. Wọn a po ẹfun mọ́ gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi awọ ẹran sè, wọn a fi kun igi, wọn a há a títí yóò fi jọ̀lọ̀. Wọn a wá fi amọ̀ pupa tẹ́ ẹ kí wọ́n tó gbé wúrà lé e, kí wọ́n sì fi òkúta dídán ra á. Bí àwọn Áṣáńtì ní Gánà ṣe ń fi wúrà bo ọ̀pá agbẹnusọ ọba wọn, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti gbẹ́ igi náà fún un.

Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, tó kú ní 1938, gbẹ́ sí ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́ wa níbí, àwọ̀ oríṣiríṣi ló wà lára rẹ̀, kì í ṣe wúrà. Wọ́n gbé e lọ síbi ìpàtẹ ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 1924, wọ́n fi àga tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dípò rẹ̀ fún ọba, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum ló sì wà di òní. Ojú ọ̀bẹ tó fín wínníwínní lára igi ni ẹwà irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀dà ẹ̀ẹ̀mejì péré ti tó láti dí ilà ojú ère pa. Oògùn tí ẹ óò sì fi bó ọ̀dà náà kúrò, yóò bó àwọ̀ àtijọ́ mọ́ ọn.

Ẹ̀yin ìjòyè, ẹ̀yin olórí ẹbí, ẹ jọ̀ọ́. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kí ẹ fi gbọn eruku ara òpó yín, kí ẹ má jẹ̀ẹ́ kí òjò àti ikán dé ibẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí nǹkan máa kọ mànà, kó gbé àga tuntun wá fún mi.

Èmi ni tiyín,
Akunlé kan, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì