Aago tí ẹ dá padà kì í ṣe ti bàbá wa

Agbègbè Tákié,
Ògbómọ̀ṣọ́,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
17 Oṣù Kẹta, 2025.

Ọ̀gá Àgbà,
Èkó.

Ọ̀gá mi,

Ẹ̀SÙN LÓRÍ AAGO ÀPÒ OLÓGUN TÍ MO FI RÁNṢẸ́ SÍ YÍN

Ẹ kú iṣẹ́. Èmi ni oníbàárà tó fi aago àpò kan ránṣẹ́ sí yín ní oṣù Kọkànlá ọdún tó kọjá, pé kí ẹ bá mi sọ ọ́ di aago ọwọ́. ₦240,000 la fẹnu kò sí, mo sì san án pé. Aago dé ní ọjọ́ 3 oṣù yìí. Ó dùn ún wò, ó ń ṣiṣẹ́, awọ tí ẹ fi ṣe okùn rẹ̀ kò ní àbùkù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe aago wa.

Bàbá mi ló kọ́kọ́ mọ̀. Ẹni ọdún 77 ni wọ́n, ojú wọn ò sì ríran dáadáa mọ́. Tìtorí tiwọn ni mo ṣe gbé iṣẹ́ yìí wá, nítorí ìka wọn ò lè yọ aago lápò mọ́, wọ́n sì fẹ́ kó máa wà lára wọn. Mo so ó mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n súre fún mi. Wọ́n wá gbé ọwọ́ náà sétí. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní kí n tú u. Wọ́n dà á dojú bolẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n ń fi àtàńpàkò ra ẹ̀yìn rẹ̀ kiri, bí ẹni tó ń wá owó tó há sínú ìṣẹ́po aṣọ. Gíláàsì tó ń yọ̀ ni àtàńpàkò wọn bá. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, aago ta nìyí?"

Ohun tí wọ́n ń wá ni ilà kéékèèké mẹ́ta. Lẹ́yìn aago wa, àmì ọfà wà níbẹ̀, èyí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì máa ń tẹ̀ sára ohun tó bá jẹ́ tiwọn. Lẹ́tà G.S.T.P., tí wọ́n máa ń kọ sára aago àwọn ọmọ ogun wọn, wà lábẹ́ rẹ̀, nọ́ńbà sì tẹ̀ lé e. Lábẹ́ nọ́ńbà ni bàbá mi àgbà ti fi ìṣó fa ilà mẹ́ta, kí tiwọn má baà dàpọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn ní bárékè. Láti kékeré ni bàbá mi ti máa ń fọwọ́ tọ ilà náà. Ẹ̀yìn aago yẹn ni ẹ yọ, tí ẹ fi gíláàsì dípò rẹ̀.

Ó lè jẹ́ pé irin àtijọ́ lásán ni lójú yín, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ti dé. Nígbà ogun Hítílà, bàbá mi àgbà wà nínú ọmọ ogun Nàìjíríà tí wọ́n kó lọ sí Bọ́mà pẹ̀lú Dífíṣọ̀n 81 ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Àfonífojì Kaladan ni wọ́n ti jà ní 1944. Iṣẹ́ wáyà ni tiwọn, àwọn ló ń gba ìròyìn ogun, tí wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́. Kò sí ìròyìn tí wọ́n gbà tàbí tí wọ́n fi ránṣẹ́ tí wọn kì í kọ aago tó lù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìdí nìyẹn tí aago fi dé ọwọ́ wọn. Nígbà tí ogun parí, wọ́n padà wálé, wọ́n sì bá àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ yòókù lọ ṣòwò ní Tàmálè. Ní oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹrù tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, wọn ò rí kó. Aago yìí ni ìyá mi àgbà wé sínú gèlè, tí wọ́n fi dé orí títí wọ́n fi wọ Ògbómọ̀ṣọ́. Aago tó ti Bọ́mà dé, tó ti Gánà dé, Èkó ló wá sọnù sí.

Mo ti sọ gbogbo ohun tí mo fẹ́ fún yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ó wà lórí Wàsáàpù, mo sì ti tẹ̀ ẹ́ síwèé mọ́ lẹ́tà yìí. Mo ní ẹ má yí ojú aago padà, bó ti wù kó gbó. Mo ní ẹ má fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀. Òṣìṣẹ́ yín ṣàlàyé fún mi pé orí tí a fi ń wáìǹdì rẹ̀ máa wà lókè níbi 12, kò ní wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi ti aago ọwọ́ tí a ń rà lọ́jà. Mo ní mo fara mọ́ ọn. Ó dá mi lóhùn pé, "A ti gbọ́, sà."

Mo gbé ohun tí ẹ dá padà lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ti ń tún aago ṣe ní Tákié láti ìgbà tí mo wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọn ò tíì ṣí i tí wọ́n fi ní ẹ̀ńjìnnì yìí kò ti inú aago wa wá. Mo bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe mọ̀. Wọ́n gba bírò lọ́wọ́ mi, wọ́n yàwòrán rẹ̀ sẹ́yìn rìsíìtì yín. Aago àpò tí kò ní ìdérí lójú, bíi tiwa, orí rẹ̀ wà níbi 12, ojú kékeré tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá wà níbi 6. Àwọn méjèèjì kọjú síra, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe to ẹ̀ńjìnnì náà láti ìpìlẹ̀. Bí èèyàn bá yí i kí orí rẹ̀ lè bọ́ sí 3, ojú kékeré náà á bá a yí, ibi 9 ló máa bọ́ sí. Ṣùgbọ́n nínú èyí tí ẹ fún wa, orí wà níbi 3, ojú kékeré wà níbi 6. Ẹ̀ńjìnnì aago onídèérí ni wọ́n máa ń to báyẹn. Nígbà tí wọ́n ṣí i, júwẹ̀lì 7, ìyẹn òkúta kéékèèké tí irin inú aago ń yí lórí wọn, ni wọ́n kà nínú rẹ̀. 15 ló wà nínú tiwa, fọ́tò tí mo yà kí n tó fi ránṣẹ́ wà níbí. Ẹ̀ńjìnnì kì í bí júwẹ̀lì, kì í sì í jẹ ẹ́.

Nígbà tí mo pè yín, arábìnrin tó gbé fóònù ní tìtorí radium, ohun kan tí ìtànṣán rẹ̀ léwu fún ara, lẹ ṣe pààrọ̀ ojú aago. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́. Ọ̀dà tí wọ́n fi kun nọ́ńbà aago ogun kó lè máa tàn lóru, radium wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin tó ń kùn ún ní Amẹ́ríkà láyé ìjọsí máa ń fi ètè pọ́n ẹnu búrọ́ọ̀ṣì wọn, ó sì pa púpọ̀ nínú wọn. Bí ọ̀dà náà kò bá tiẹ̀ tàn mọ́, radium ò tíì lọ: ó ń gba nǹkan bí 1,600 ọdún kí agbára rẹ̀ tó dín sí ìdajì. Mi ò fẹ́ kí òṣìṣẹ́ yín kankan fa eruku rẹ̀ símú nítorí aago wa. Ṣùgbọ́n ṣé kò yẹ kí ẹ pè mí? Ẹ̀ bá dì í sínú ọ̀rá, kí ẹ kọ ìkìlọ̀ sí i lára, kí ẹ dá a padà fún mi. Ẹ̀yìn aago ńkọ́? Kò sí ọ̀dà lára rẹ̀. Ẹ̀ńjìnnì ńkọ́?

Mi ò bá iṣẹ́ yín jà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn sójà fúnra wọn ti ń jó wáyà mọ́ ẹ̀gbẹ́ aago àpò kéékèèké kí wọ́n lè so ó mọ́ ọwọ́, kí ọwọ́ wọn má baà dí. Iṣẹ́ tó lọ́lá ni. Àmọ́ aago tí wọ́n kó wọ inú iṣẹ́ náà ló ń jáde. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta aago ogun fún àwọn tó ń ṣà wọ́n jọ, ẹ mọ̀ jù mí lọ pé ojú àtilẹ̀wá àti àmì ọfà ni àwọn èèyàn náà ń sanwó lé.

Mi ò pe ẹnikẹ́ni lólè. Ó lè jẹ́ pé aago méjì ló dàpọ̀ lórí tábìlì. Ohun tí mo ń béèrè ni pé kí ẹ wá ẹ̀ńjìnnì wa, ojú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì àti ẹ̀yìn rẹ̀ tó ní ilà mẹ́ta, kí ẹ sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ láàárín ọjọ́ 21. Bí ẹ ò bá lè tò ó mọ́, ẹ kó o wá bẹ́ẹ̀, ní wóróńwóró. Mi ò fẹ́ aago mìíràn, ẹ má sì fi owó lọ̀ mí dípò rẹ̀. Bí ọjọ́ náà bá pé tí mi ò gbúròó yín, n ó gbé ẹ̀sùn yìí lọ sọ́dọ̀ àjọ FCCPC tí òfin 2018 gbé kalẹ̀ fún ààbò oníbàárà, pẹ̀lú fọ́tò àti rìsíìtì.

Èyí tó wà lọ́wọ́ wa, bàbá mi ò jẹ́ kí n dá a padà pẹ̀lú lẹ́tà yìí, wọn ò sì wọ̀ ọ́. Wọ́n ní ilé kan wà tí wọ́n ń wá a, kò sì yẹ kó tún sọnù lọ́nà. Inú aṣọ ni wọ́n wé e sí nínú àpótí wọn, àràárọ̀ ni wọ́n sì ń ní kí n wáìǹdì rẹ̀ kó má baà dúró. Ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ yín bá mú tiwa dé, kó mú orúkọ ẹni tó ni èyí dání.

Èmi ni,
Oníbàárà yín tí orúkọ rẹ̀ wà lórí rìsíìtì.