Lẹ́tà sí Àkànní: Ọkọ̀ tó ń bọ́ bàálù ogun

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó, mo kí àwọn ọmọ. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí lẹ́tà rẹ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí n tètè fèsì, má bínú. O ní kí ló ń gbé mi lọ sí ìgbèríko ní gbogbo Sátidé, pé àbí mo ti rí obìnrin. Obìnrin kọ́ o. Ọkọ̀ ni. Ọkọ̀ tó dàgbà ju èmi àti ìwọ lọ dáadáa, tí kò sì lè gba inú yàrá tí mo ń gbé.

Lincolnshire ni mò ń lọ. Agbègbè yẹn wà lára ibi tí pápá bàálù àwọn ológun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì kún sí jù nígbà ogun Hitler. Àwa mélòó kan la kóra jọ sínú àká ńlá kan lóko, à ń tún àwọn ọkọ̀ tí wọ́n fi ń rọ epo sí bàálù ṣe. Èyí tó wà níwájú wa báyìí ni ọkọ̀ kan tí iléeṣẹ́ AEC ṣe, onítáyà mẹ́fà, tí ẹ́ńjìnnì ń yí gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kó má baà rì sínú ẹrẹ̀ etí pápá. Tánkà ẹ̀yìn rẹ̀ ń gba 2,500 gálọ́ọ̀nù. Epo nìkan tó tọ́ọ̀nù mẹ́jọ, ká má tíì sọ̀rọ̀ irin.

Bàálù ni gbogbo ayé ń wò, Àkànní. Bí Lancaster, bàálù ńlá tó ń ju bọ́ǹbù nígbà ogun náà, bá ń kọjá lókè, àgbàlagbà á máa sunkún, ọmọdé á máa pàtẹ́wọ́. Ta ló ń béèrè ẹni tó fún un lóúnjẹ? Bẹ́ẹ̀, ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Lancaster kan, bí wọ́n bá rọ ọ́ kún, 2,154 gálọ́ọ̀nù ló ń mu. O rí i pé ọkọ̀ wa yìí, bàálù kan ṣoṣo ló lè bọ́ yó, ìyókù kò ní tó nǹkan. Wá ronú pápá tí ogún bàálù ti fẹ́ gbéra lálẹ́ ọjọ́ kan. Spitfire àkọ́kọ́, bàálù kékeré tó ń bá bàálù ọ̀tá jà lókè, kò jẹun tó bẹ́ẹ̀, 85 gálọ́ọ̀nù péré ni, àmọ́ kíákíá ló fẹ́ ẹ, torí ọ̀tá lè yọ nígbàkigbà. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọkọ̀ tí iléeṣẹ́ Albion ṣe láti máa bọ́ wọn fi ní apá irin gígùn lórí, tí họ́òsì rọ̀ sí, kí wọ́n lè rọ epo fún ju bàálù kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kékeré onítáyà mẹ́ta tí iléeṣẹ́ Thompson Brothers ń ṣe ní Bilston tún wà. Ìyẹn ń pa mí lẹ́rìn-ín, ó dà bí ẹni pé ọmọdé ló yà á, àmọ́ ó ṣiṣẹ́ gan-an.

Ìwọ mẹkáníìkì, o máa rò pé ẹ́ńjìnnì ni wàhálà. Rárá o. AEC yìí, ní Southall létí Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti ṣe é, àwọn yẹn náà ló sì ń ṣe bọ́ọ̀sì fún Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́lì lítà 7.7 tó wà nínú rẹ̀, ìbátan èyí tó wà nínú bọ́ọ̀sì ìgbà náà ni. Àwọn tó fẹ́ràn bọ́ọ̀sì àtijọ́ sì ti kó páàtì rẹ̀ pamọ́ síbi púpọ̀. Bí o bá ní sùúrù, o máa rí i.

Tánkà ni ọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí ogun parí tí ìjọba ta àwọn ọkọ̀ náà, iṣẹ́ ni àwọn tó rà á fẹ́ fi wọ́n ṣe. Púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n gé tánkà kúrò lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n sọ wọ́n di ọkọ̀ tó ń wọ́ igi gẹdú, tàbí èyí tó ń fa ọkọ̀ tó bá bàjẹ́. Torí náà, ẹni tó bá rí ọ̀kan lónìí, férémù àti ojú ọkọ̀ ló sábà máa ń rí. Àwọn kan á wá fi pákó àti páànù fẹ́lẹ́ ṣe tánkà ẹ̀tàn lé e lórí, wọ́n á kùn ún dáadáa, ó di ọkọ̀ àfihàn. Mi ò bá wọn jà, owó wọn ni. Àmọ́ lójú tèmi, lọ́rì ni wọ́n tún ṣe. Ọkọ̀ tó ń bọ́ bàálù, tánkà rẹ̀ àti pọ́ǹpù rẹ̀ àti asẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ di ohun tó jẹ́. Tiwa yìí ní tánkà tirẹ̀ gan-an, ó ti wọnú, ó ti dógùn-ún, àmọ́ òun náà ni. Ohun tó mú mi dúró níbẹ̀ nìyẹn.

Mi ò ní kọ́ ọ ní iṣẹ́ rẹ, ìwọ tó ń jó irin tánkà epo. O mọ̀ pé èyí tó ṣófo burú ju èyí tó kún lọ. Epo lè ti gbẹ tán lójú, kí oru rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀, torí ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ohun tó yàtọ̀ níbí ni òjé. Epo bàálù ìgbà náà ní òjé olómi nínú, ìdọ̀tí tó sì kù nísàlẹ̀ tánkà lè gba awọ ara wọlé. Torí náà a ò gbé iná súnmọ́ ọn. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yẹn la pè, wọ́n fi oru omi gbígbóná fọ̀ ọ́, wọ́n kó ìdọ̀tí náà lọ, wọ́n sì fi ẹ̀rọ wọn yẹ inú rẹ̀ wò. Àfìgbà tí wọ́n fún wa níwèé pé ó mọ́ la tó ṣí i. Inú rẹ̀ ní ògiri irin oníhò, tí kì í jẹ́ kí epo máa gbá síwá-sẹ́yìn bí ọkọ̀ bá ń yí kọ́nà. Ẹni tí kò sanra ló lè gba ibẹ̀ kọjá. Wọ́n wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ọ̀dà náà nìyí. A kì í fi sánpépà gbígbẹ há a, torí òjé wà nínú òun náà. Omi la fi ń há a, díẹ̀díẹ̀, ìwọ̀n ìka méjì lẹ́ẹ̀kan. Pupa ló kọ́kọ́ wà lókè, èyí tí olóko kan kùn. Lábẹ́ rẹ̀, búlúù tó fẹ́ jọ eérú. Lábẹ́ ìyẹn, àwọ̀ ilẹ̀ àti ewé tútù tí wọ́n fi ń fi ọkọ̀ pamọ́ fún ojú ọ̀tá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu pọ́ǹpù, nọ́ńbà kan yọ: 100. Irú epo tó wà nínú ọkọ̀ ni wọ́n fi ń sọ, kí ẹnikẹ́ni má baà rọ èyí tí kò tọ́ sínú bàálù. Epo 100 yìí wà lára ohun tó jẹ́ kí Spitfire lè sáré sí i ní 1940.

Ìjà wá wà nílẹ̀. Ọ̀gá wa fẹ́ kí a kùn ún kó máa dán, kí a sì na gbogbo ibi tó wọnú. Èmi ní kí a fi àwọn ibi tó wọnú sílẹ̀, kí a fi fáníìṣì tí kò láwọ̀ bo nọ́ńbà yẹn. A ò tíì fẹnu kò.

Ibi tí mo ti nílò rẹ nìyí. Okùn tí wọ́n fi gírísì pa ni wọ́n fi dí etí irin tó ń yí pọ́ǹpù, ó sì ti jẹrà. Epo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kì í tètè gbaná la fẹ́ fi dán an wò, kì í ṣe bẹtiróòlù. Kí lò ń lò níbi iṣẹ́ rẹ tí kì í jò? Báwo lo sì ṣe ń gé e, ṣé orí irin náà ni àbí kó o tó gbé e wọlé? Ya àwòrán rẹ̀ fún mi bí ó bá ṣeé ṣe, kó o sì tètè fèsì, torí ọ̀gá wa ti fẹ́ lọ ra èyí tí mi ò gbà gbọ́.

Ọ̀rẹ́ rẹ,
Àjàní