Tí wọ́n bá ní wọ́n rú òfin àgbáyé, òfin wo ni?

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Gbogbo ìgbà tí ogun bá ti bẹ́ sílẹ̀ níbì kan làwọn èèyàn máa ń ní òfin àgbáyé ò wúlò, ta ni ọlọ́pàá ẹ̀? Ó máa ń dùn mí, torí ibẹ̀ làwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ kọ́ ọ ti ń bẹ̀rẹ̀, ó sì ti máa ń sú wọn kí wọ́n tó ṣíwèé rárá.

Kò sí ilé aṣòfin kan tó ń ṣòfin fún gbogbo ayé. Àwọn orílẹ̀-èdè fúnra wọn ló ń ṣe é, wọ́n á jọ fọwọ́ síwèé àdéhùn, tàbí kó jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe nǹkan bákan náà tí wọ́n sì gbà pé dandan ni. Ìdí nìyẹn tí kọ́ọ̀tù àgbáyé tó wà nílùú Hague ò fi lè dá ẹjọ́ orílẹ̀-èdè tí ò bá gbà kó dá a.

Ẹ wo ti Líbíà àti Chad. Wọ́n ti yìnbọn síra wọn lórí ilẹ̀ Aouzou tó wà lẹ́nu ààlà wọn kí wọ́n tó gbé e dé Hague, làwọn adájọ́ bá tú àdéhùn tí Faransé bá Líbíà ṣe ní 1955 wò, wọ́n ka ibi tó ti tọ́ka sáwọn ìwé ààlà, wọ́n ní ààlà ti wà ńbẹ̀ tipẹ́, Chad ló nilẹ̀. Adájọ́ 16 ló fara mọ́ ọn, ẹnì kan ṣoṣo ló ta kò ó. Oṣù kejì 1994 nìyẹn, nígbà tó máa fi di ìparí oṣù karùn-ún, sójà Líbíà ti kó kúrò, àwọn òṣìṣẹ́ UN díẹ̀ ló lọ fojú rí i.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló ń rí bẹ́ẹ̀ o. Nicaragua jàre Amẹ́ríkà ní kọ́ọ̀tù yìí kan náà ní 1986, Amẹ́ríkà ò gbà, ó tún fi fẹ́tò, ìyẹn àṣẹ tó ní láti fagi lé ìpinnu, dá ọ̀rọ̀ náà dúró ní Ìgbìmọ̀ Aláàbò UN. Ó burú, mi ò ní bò ó. Àmọ́ lẹ́tà tẹ́ẹ lẹ sítáǹpù mọ́ lórílẹ̀-èdè kan tó dé orílẹ̀-èdè míì láìsí pé wọ́n tún ní kẹ́ ẹ ra sítáǹpù tibẹ̀, àdéhùn 1874 ló wà nídìí ẹ̀, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń pa á mọ́ láìsí ọlọ́pàá.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin olóòtú, nígbà míì tẹ́ẹ bá kọ ọ́ pé ìlú kan rú òfin àgbáyé, ẹ bá wa dárúkọ òfin yẹn: àdéhùn wo ni, ṣé ìlú náà fọwọ́ sí i, àbí ìṣe tó ti dòfin fún gbogbo wọn ni?

Èmi ni òǹkàwé yín.