Ẹ wọn agbára omi kí ẹ tó ra pọ́ńpìn-maṣíìnì ńlá

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí síwájú àwọn onílé àti àwa pílọ́ńbà. Iṣẹ́ omi ni mò ń ṣe ní Mọ́níyà, n'Íbàdàn, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́. Ó ń dùn mí pé bí omi ò bá ti jáde dáadáa nílé ẹnì kan, kíá ni wọ́n á ní kó lọ ra pọ́ńpìn-maṣíìnì tó tóbi sí i, tàbí kó gbé tánkì sókè sí i. Owó ńlá ni méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò tíì wọn nǹkan kan.

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì pè mí lóṣù tó kọjá. Omi inú tánkì wọn fi nǹkan bíi mítà 6 ga ju ẹ̀rọ ilé ìdáná lọ, síbẹ̀ tín-ín-rín ni omi ń dà. Géèjì tí mo gbé lọ, ìyẹn ohun tí a fi ń wọn agbára omi, lè ka bar 10 (bar ni òṣùwọ̀n agbára náà). Mítà 6 omi ò ju bar 0.6 lọ, ọwọ́ rẹ̀ ò fẹ́rẹ̀ẹ́ mira. Ni mo bá mú rọ́bà funfun tí àwọn bíríkìlà fi ń wo lẹ́fẹ̀lì, mo fi tíì, ìyẹn ìsopọ̀ páìpù ẹlẹ́nu mẹ́ta, so ó mọ́ páìpù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà, a sì gbé e dúró lára ọparun gígùn.

Nígbà tí gbogbo ẹ̀rọ wà ní títì, omi inú rọ́bà gòkè títí ó fi bá ti inú tánkì dọ́gba. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ wa máa ń dúró sí, tí a ó ní kò sí nǹkan tó ṣe páìpù. Àmọ́ bí omi ò bá sàn, àléébù páìpù ò lè hàn. Mo ní kí ọmọṣẹ́ mi ṣí ẹ̀rọ. Lójú ẹsẹ̀, omi inú rọ́bà já wálẹ̀, ó lé ní mítà 4. A so rọ́bà mìíràn mọ́ ìdí tánkì, a tún ṣí ẹ̀rọ kan náà. Ti ibẹ̀ ò kúrò lójú kan. Àárín ibi méjèèjì ni agbára omi ń ṣòfò sí nìyẹn.

A gbẹ́lẹ̀. Páìpù onírin hááfù-ínṣì ni wọ́n fà, ìpẹtà sì ti dí i débi pé pẹ́ńsùlù ò lè gba inú rẹ̀ kọjá. A fi páìpù rọ́bà onínṣì kan rọ́pò rẹ̀. A ò fọwọ́ kan tánkì. Nígbà tí a tún wọ̀n ọ́n, kò já wálẹ̀ tó mítà 1 mọ́.

Kì í ṣe ọgbọ́n orí mi. Henry Darcy, ẹnjiníà ará Faransé tó fa omi wọ ìlú Dijon, ti wọn irú èyí lára páìpù tuntun àti ògbólógbòó, ìwádìí rẹ̀ sì jáde ní 1857. Bí fífẹ̀ ẹnu páìpù láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì bá fi ìdajì dín kù, tí iye omi kan náà ń gba ibẹ̀, òfò náà lè tó ìlọ́po 32. Bí ẹ bá sì fi pọ́ńpìn ńlá ti ìlọ́po omi méjì gba páìpù kan náà, òfò á di ìlọ́po mẹ́rin. Ìpẹtà ni bàbá yẹn ì bá máa sanwó iná fún.

Ẹ̀yin onílé, ẹ má sanwó pọ́ńpìn títí pílọ́ńbà yín yóò fi fi hàn yín bí agbára omi ṣe já sí nígbà tí omi ń sàn. Ẹ̀yin ọ̀gá ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká kọ́ ọmọṣẹ́ ní wíwọ̀n yìí kí a tó ṣe fúrídọ́ọ̀mù fún un. Ẹni tó bá fẹ́ lo géèjì méjì, kó rántí yọ ìyàtọ̀ gíga ibi méjèèjì kúrò: mítà 10 omi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bar 1.

Èmi ni tiyín,
Pílọ́ńbà kan, Mọ́níyà, Ìbàdàn