Lẹ́tà sí ẹ̀yin ọmọ tó ń fo ògiri

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tẹ̀lé ọmọ ọmọ mi lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ parkour, eré fífo ògiri yín yìí, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Ògiri méjì kọjú síra, àlàfo àárín wọn ò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ. Ó ju apá sẹ́yìn, ó ká orúnkún, ó dúró. Ó tún ju apá, ó tún dúró. Báyìí ló ṣe fún bí ìdajì wákàtí. Nígbà tó yá, ó sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi, ó ní, "Bàbá àgbà, mi ò láyà." Mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀?

Adẹ́mu ni bàbá tó bí mi. Láràárọ̀, kó tó gun ọ̀pẹ, á fi igbà yí i ká, á kó sínú ẹ̀, á wá fi gbogbo ara rọ̀ sẹ́yìn nígbà tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò tíì fi bẹ́ẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Tí igbà bá fi lè dún, ilé ló ń gbà lọ. Àwọn ará abúlé ní kò mọ ẹ̀rù. Lọ́jọ́ tí mo bi í, ó rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀rù ló ń fa igbà yẹn, ọmọ yìí, kì í ṣe èmi."

Lisses, nítòsí Paris, ni David Belle àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ eré yín yìí, ní ìparí àwọn ọdún 1980. Panápaná ni Raymond, bàbá David. Ẹni tó ń wọ ilé tó ń jó gbọ́dọ̀ padà jáde, kó sì gbé ẹlòmíì dání.

Nítorí náà, tí ẹ̀rù bá dé, ẹ má lé e. Ẹ bi í pé kí ló rí. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà méjì sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí àlàfo wọn bá ti òkè dọ́gba, kẹ́ ẹ fò ó lẹ́ẹ̀mẹwàá. Iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi balẹ̀, jẹ́jẹ́ bí ológbò. Tí ẹ bá tàsé ẹyọ kan péré, òótọ́ ni ẹ̀rù ń sọ: ẹsẹ̀ yín ò tíì gbé e. Tí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bá pé, a jẹ́ pé ojú ló ń dẹ́rù ba ara. Ẹ wá ògiri tó mọ níwọ̀n orúnkún, kẹ́ ẹ ti ibẹ̀ máa gòkè. Ẹ sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń tàsé. Tí ẹsẹ̀ ò bá dé, ṣé ọwọ́ á di etí ògiri mú? Tó bá di pé kẹ́ ẹ yí, láti èjìká kan gba ẹ̀yìn kọjá sí ìbàdí kejì ni, ẹ má forí yí o.

Fóònù ni mo kórìíra jù. Ẹni mẹ́ta á gbé e sókè, wọ́n á máa ka "ení, èjì, ẹ̀ta", ìtìjú á ti ọmọlọ́mọ bọ́ sílẹ̀, ẹ ẹ́ ní ó láyà. Orí igi máńgòrò lèmi ti fò, torí wọ́n pè mí ní ojo. Ọrùn ọwọ́ òsì mi kán; òtútù ìlú yìí ń rán mi létí ẹ̀ lọ́dọọdún.

Ọmọ ọmọ mi fo ìlà ṣọ́ọ̀kì lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ó tàsé mẹ́ta. Ó wò mí, mo wò ó, a bú sẹ́rìn-ín, a gba ilé lọ jẹ ẹ̀bà. Ṣọ́ọ̀kì náà ṣì wà lápò kóòtù mi. Sátidé la ó padà lọ.

Èmi ni bàbá yín.