Ìrántí Bàbá Káfíńtà Wa

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, a ń kó ọ̀rọ̀ ìrántí olóògbé jọ fún ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ má kọ pé èèyàn dáadáa ni lásán. Ẹ kọ bó ṣe máa ń jẹ́ kí pákó gbẹ dénú kó tó so ó pọ̀, torí pákó tútù máa ń súnkì, oríkèé á sì tú. Ẹ kọ bó ṣe ń tètè palẹ̀ mọ́ kó lè bá àwọn ọmọ jẹun alẹ́.

Ní ti irinṣẹ́ rẹ̀, ẹ fi sáńpépà kíkúnná ha ìpẹtà ojú ayùn, kí ẹ fi epo ẹ̀rọ díẹ̀ pa á. Ẹ má dì í sínú ọ̀rá, omi á há síbẹ̀. Èèkù òòlù tí ọwọ́ rẹ̀ ti mú dán ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ha ìyẹn rárá.

Ojú ewé kan péré, kí ẹ fún akọ̀wé.